Irinṣẹ́ mọ́tò tí owó wa ò ká: kí lẹ fi ń rọ́pò wọn nílé?

Ọmọ_Agodi:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Corolla 2005 ni mò ń wà, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ. Owó iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ń gbà ti fẹ́ẹ̀ bá owó páàtì dọ́gba. Mo wá pinnu pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké, èmi fúnra mi ni màá máa ṣe é nílé lọ́jọ́ Sátidé: pípààrọ̀ ọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì, páàdì iwájú, táì-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń darí táyà).

Sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tí wọ́n ń pè ní dandan yòókù ló ń dẹ́rù bà mí: torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì), irin tí wọ́n fi ń ti písítìnnì kálípà padà (kálípà ni irin tó ń fún páàdì bíréèkì pọ̀), èyí tí wọ́n fi ń yọ táì-rọ́ọ̀dù, skánà (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe mọ́tò), àti ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé mọ́tò lé. Mo bèèrè iye wọn ní Àràròmí, ní Gate níbí, ni mo bá ní "ẹ ṣé, mò ń bọ̀." Mi ò padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é tipẹ́, kí lẹ ń lò? Èwo ni mo lè fọgbọ́n gbé, èwo ni kí n má dán wò rárá?

Bàbá_Primera:
Káàbọ̀, àbúrò. Kí o tó fi nǹkan kan rọ́pò irinṣẹ́, bi ara rẹ pé bí èyí tí mo fẹ́ lò yìí bá já tàbí tó yọ̀, kí ló máa bà jẹ́? Tó bá jẹ́ bóòtì tàbí awọ ọwọ́ rẹ ni, máa bá a lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀mí rẹ ni, ra ojúlówó, tàbí kó o gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹni tó ní in. Kò sí ẹ̀kẹta.

Ti kálípà yẹn ò tó ohun à ń náwó lé lórí. Ra kílámpù onírin tí àwọn káfíńtà fi ń di pákó mú. Gbé páàdì àtijọ́ lé ojú písítìnnì kí irin má lọ hà á, kó o wá máa yí kílámpù náà díẹ̀díẹ̀. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, ṣí ìdérí ike tí omi bíréèkì wà nínú ẹ̀ lókè, torí bí písítìnnì ṣe ń wọlé ni omi yẹn á máa gòkè. Tó bá fẹ́ kún, fi síríǹjì fà á kúrò. Má jẹ́ kó kán sára ọ̀dà mọ́tò, bíbó ni ọ̀dà máa bó. Àwọn kan máa ń fi súkúdíráfà wọ́ písítìnnì náà. Rọ́bà tó yí i ká ni wọ́n ń ya yẹn, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn tó o bá dá gbogbo ẹ̀ padà, tẹ bíréèkì títí yóò fi le lẹ́sẹ̀ rẹ, kí mọ́tò tó kúrò lójú kan. Títẹ̀ àkọ́kọ́, ilẹ̀ ló máa ń lọ bọ́, nítorí o ti ti písítìnnì wọlé. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn ló máa ń fi mọ́tò ṣí géètì.

Golf_Ìkòròdú:
Ẹ jẹ́ n ran Bàbá lọ́wọ́ níbẹ̀. Kílámpù yẹn, iwájú ni. Ẹ̀yìn mọ́tò tí háńbíréèkì rẹ̀ wà nínú kálípà, bíi Golf 4 tèmi, písítìnnì ibẹ̀ kì í gbọ́ títì lásán. Ṣe lẹ máa yí i bí ẹni yí súkúrú, kẹ́ ẹ sì máa tì í bó ṣe ń yí. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ó rí ihò kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sí i. Píláyà ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ máa wọ inú ihò yẹn, ẹ̀ẹ́ fi máa yí i. Ó máa gba sùúrù, àmọ́ ó ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fi tipátipá fún un ní kílámpù, ohun tó ń ṣiṣẹ́ háńbíréèkì nínú á fọ́, kálípà odindi lẹ máa rà. Corolla ti ọ̀gá yìí, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ò ní ìṣòro yẹn.

Èkejì, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò Jámánì: bóòtì kan wà tí ihò orí rẹ̀ ní eyín méjìlá, XZN. Ẹ má ki Torx (bíìtì olójú ìràwọ̀ mẹ́fà) bọ̀ ọ́ pé ó ṣáà wọlé. Ó máa wọlé, á yí díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo eyín á fá, wẹ́ldà lẹ máa lọ bẹ̀. Àpótí bíìtì XZN tí kò wọ́n náà sàn ju ọgbọ́nkọ́gbọ́n lọ níbẹ̀.

Ìyá_Sienna:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Sienna ni mò ń wà, Abẹ́òkúta ni mo wà, èmi ni mò ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ara rẹ̀. Ilé kẹ́mísítì ni ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Síríǹjì ńlá, èyí tó gba 50 tàbí 60 ml, mo fi ń fa omi bíréèkì àtijọ́ kúrò nínú ike, mo fi ń fa ọ́ìlì pawasítíà, mo sì fi ń rọ ọ́ìlì sí gíáàbọ́ọ̀sì níbi tí ọwọ́ ò ti lè dé. Okùn tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, èyí tó mọ́ gaara, mo fi ń yọ afẹ́fẹ́ nínú bíréèkì. Fi ẹnu okùn náà bọ ẹnu ọmú tó wà lára kálípà, ẹnu kejì kó wọ inú ìgò tó o ti bu omi bíréèkì tuntun sí díẹ̀, kí ẹnu okùn rì sínú rẹ̀. Tú ọmú yẹn ní ìdajì yíyí, kó o máa tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, kó o máa fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ á máa hó jáde nínú ìgò, kò sì ní rí ọ̀nà padà torí omi ló máa fà. Okùn yẹn mọ́ gaara, ojú rẹ á rí i nígbà tí hóhóhó yẹn bá tán. Tí ọmú, kó o tó gbẹ́sẹ̀ kúrò pátápátá. Ní gbogbo àkókò yẹn, má jẹ́ kí omi òkè gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, omi bíréèkì ni kẹ́ ẹ bù síbẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4 tó wà lára ìdérí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i bí wọ́n bá wà lọ́nà tí òru sì ti lé wọn bá. Ọ́ìlì yẹn á mú kí gbogbo rọ́bà inú bíréèkì wú, títí kan ti másítà tí ẹsẹ̀ bíréèkì ń tì. Gbogbo rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀.

Ti pílọ́ọ̀gì: inú kòtò jíjìn ló wà lára ẹ́ńjìnì wọ̀nyí. Gé rọ́bà pẹtiróòlù àtijọ́ bíi ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, kó fún pílọ́ọ̀gì lórí dáadáa. Rọ́bà yẹn ni kó o fi sọ ọ́ kalẹ̀, òun náà ni kó o fi ìka yí. Bí pílọ́ọ̀gì bá wọ́, rọ́bà á máa yọ̀ lórí rẹ̀, kò ní lágbára láti ba eyín orí ẹ́ńjìnì jẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onírin máa gbà á wọlé bó ṣe wọ́ yẹn, yóò sì gbẹ́ ọ̀nà tuntun fún ara rẹ̀ nínú aluminíọ̀mù. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rọ́bà ju sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ta gọbọi lọ. Tó bá ti fi ìka wọlé débi tí kò yí mọ́, lo sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 wàyí: pílọ́ọ̀gì tuntun tó ní wásà, ìdajì yíyí sí i, tàbí ká ní méjì nínú mẹ́ta. Ó tó.

Rewire_Òṣogbo:
Màmá, mo júbà o.

Ọ̀rọ̀ iná lèmi máa sọ. Ọ̀gá Agodi, ẹ má ra skánà ńlá. Ẹ ra ELM327, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń lo Bluetooth, tẹ́ ẹ máa kì bọ ihò OBD (ibi tí wọ́n ti ń ka àṣìṣe ẹ́ńjìnì) lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wá fi fóònù yín ka ohun tó ń sọ. Láti ọdún 1996 ni OBD2 ti di dandan fún mọ́tò ní Amẹ́ríkà, torí náà tòkunbọ̀ ibẹ̀ tó tẹ̀ lé ọdún yẹn ní ihò náà. Ní Yúróòpù, 2001 ni fún ti pẹtiróòlù, 2004 fún dísẹ́ẹ̀lì.

Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. CAN ni èdè tí gbogbo mọ́tò Amẹ́ríkà ń sọ láti 2008. Ọ̀pọ̀ tó ṣáájú ń sọ èdè àtijọ́, àwọn ELM327 olówó pọ́ọ́kú kan, pàápàá èyí tí wọ́n kọ v2.1 sí lára, kì í sábà gbọ́ ọ. Yóò tan iná, fóònù á rí i, ṣùgbọ́n kò ní bá ẹ́ńjìnì sọ̀rọ̀. Nítorí náà ẹ gbé mọ́tò lọ bá ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ dán an wò kí owó tó kúrò lápò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo iPhone, Bluetooth lásán yẹn ò ní bá yín mu. Oní-WiFi ni kẹ́ ẹ wá, tàbí èyí tí wọ́n kọ BLE sí lára.

Àwọn Tọ́yótà àtijọ́ tí kò ní OBD2 ńkọ́? Àwọn yẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀. Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí. Ẹ ṣí i, ẹ wá TE1 àti E1 lára àwòrán tó wà nínú ìdérí, kẹ́ ẹ fi wáyà kékeré tàbí pín-ìn tí wọ́n fi ń di bébà so wọ́n pọ̀. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Iná ẹ́ńjìnì á máa ṣẹ́jú: ó ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó sinmi, ó ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin, 14 nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí 14 jẹ́ lórí ẹ́ńjìnì yín. Ẹ rí i pé ihò méjì yẹn gan-an lẹ so o, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.

Kóòdù kì í ṣe ìdáhùn ṣá. P0171 ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju pẹtiróòlù lọ ni, kò ní ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà kan ló ya tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ má ra ẹ̀rọ tó ń tú èéfín. Ẹ bu omi lásán sínú ike tí wọ́n fi ń fín irun, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ máa fín in díẹ̀díẹ̀ sí orí àwọn rọ́bà àti ibi tí máńfóòdù (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́) gbé pàdé ẹ́ńjìnì. Ibi tẹ́ ẹ bá fín tí ohùn ẹ́ńjìnì yí padà, ibẹ̀ ni. Àwọn kan ń fi pẹtiróòlù ṣe irú èyí. Iná lẹ máa dá.

Ọmọ_Agodi:
Rewire, mo ní mítà tí wọ́n ń ta fún àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ṣé ó tó?

Rewire_Òṣogbo:
Ó tó, ó tún kù. Bátìrì tó kún tó ti sinmi, 12.6 V. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.7. Bí bátìrì bá ń kú lóru, ẹ tú ọwọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kẹ́ ẹ fi mítà sáàárín ọwọ́ yẹn àti bátìrì, ní ihò 10A, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ dúró kí mọ́tò sùn. Tó bá ju 50 mA lọ, nǹkan kan ń mu iná. Ẹ máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà yẹn á fi wálẹ̀. Ẹ má sítáàtì mọ́tò nígbà tí mítà wà níbẹ̀ o.

Gúlóòbù tí a so wáyà mọ́ tí àwa rewire ń lò, ó dára fún iná iwájú àti họ́ọ̀nù. Ẹ má fi kan wáyà aláwọ̀ yẹ́lò ti áàbáàgì, ẹ má sì fi kan ọpọlọ mọ́tò, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ará_Ọ̀jọ́ọ̀:
Ẹ̀yin ẹ ń ṣe wàhálà lórí ẹsẹ̀ irin. Bíláókù sìmẹ́ńtì mẹ́rin péré, gbogbo wa la ń lò ó láti ìgbà tí aláyé ti dáyé.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Mushin:
Rárá o, rárá o, rárá o. Ọ̀rẹ́, mo ń fi mọ́tò jẹun, mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi kankan wọ abẹ́ mọ́tò tó wà lórí bíláókù. Bíláókù lè gbé ògiri torí ẹrù ògiri jókòó lé gbogbo ojú rẹ̀. Mọ́tò, ojú kan ṣoṣo ló ti ń tẹ̀ ẹ́, irin tó mú sì ni. Kì í kọ́kọ́ ya kó o gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń fọ́ di yẹ̀pẹ̀. Àti jáàkì nìkan náà, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà kékeré kan ló ń di ọ́ìlì mú nínú jáàkì yẹn.

Ẹni tí kò bá lówó ẹsẹ̀ irin, ojú rere igi ni kó wá. Pákó apá tàbí ìrókò, èyí tó nípọn, tí wọ́n gé dọ́gba, kó o tò wọ́n ní méjìméjì, ìlà kan lọ síbí, ìlà tó kàn dábùú rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Igi máa ń ké kó tó ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, yọ táyà tó o tú, tẹ́ ẹ sábẹ́ ṣásì pẹ̀lú rímù rẹ̀. Bí ohun gbogbo bá já, orí rímù ni mọ́tò máa jókòó sí, kì í ṣe orí rẹ. Fi òkúta di táyà tó kù, níwájú àti lẹ́yìn. Orí kọnkéré ni o, kì í ṣe orí iyẹ̀pẹ̀. Kó o tó wọlé, fi èjìká ti mọ́tò náà, tì í dáadáa. Tó bá mì, tún un tò.

Ará_Ọ̀jọ́ọ̀:
Ó dáa, mo ti gbọ́, ọ̀gá. Tí wẹ́ldà bá jó ẹsẹ̀ irin fún mi ńkọ́?

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Mushin:
Ó ń bẹ lọ́wọ́ wẹ́ldà tó jó o. Ilé iṣẹ́ ńlá náà ń ṣàṣìṣe: ní 2020, Harbor Freight ní Amẹ́ríkà pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ irin padà torí pé eyín tó ń di ọ̀pá mú lè yọ. Bó o bá ní kó jó o, má jẹ́ kó ní ohun tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dúró gbọin, páìpù tó nípọn, orí tó ní kòtò kí ṣásì má yọ̀. Tàbí kó o kúkú lo igi.

Tíṣà_Físíìsì:
Ọmọ Agodi, ti torque wrench yẹn, ìṣirò ọmọ SS1 ni. Wá ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń gbé báàgì kọ́ kí wọ́n tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú, èyí tó ní ìkọ́ tó sì ń ka títí dé 50 kg. Kò wọ́n, àwọn ará ilé tó bá ti rìnrìn àjò á sì ní in.

Fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ìdí sípánà, kó o fa ìwọ̀n náà. Ohun tó o máa mọ̀ ni bí ibi tó o kọ́ ọ sí ṣe jìnnà sí àárín nọ́ọ̀tì tó. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, 103 Nm (ìwọ̀n agbára yíyí) ni Tọ́yótà kọ. Bí ìkọ́ bá jìnnà ní ìdajì mítà, pín 103 sí 0.5, ó di 206. Pín ìyẹn sí 9.8 (ti òòfà ayé) kó lè di kílò, ó di 21 kg. Nítorí náà, fà á títí ìwọ̀n yóò fi ka 21, kó o dúró. Bóòtì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù lábẹ́ 1ZZ, 37 Nm ni. Sípánà 14 tó gùn ní 20 sẹ̀ǹtímítà, 19 kg ló máa kà.

Ohun méjì ló lè tàn ọ́ jẹ. Ìkíní, o gbọ́dọ̀ fà á kí okùn ìwọ̀n àti sípánà ṣe igun dọ́gba bíi igun ojú ìwé. Bó bá ti dagun, nọ́ńbà náà ti parọ́. Ìkejì, fà á jẹ́jẹ́. Tó o bá já a, ìwọ̀n á fò kọjá.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Mushin:
Tíṣà, ẹ kú làákàyè. Àmọ́ ta ló ráyè gbé ìwọ̀n báàgì sábẹ́ mọ́tò? Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.

Tíṣà_Físíìsì:
Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹ ti tú nọ́ọ̀tì kí ọmọ yìí tó mọ mọ́tò. Ọwọ́ tirẹ̀ ò tíì mọ nǹkan kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àfúnjù ló máa ń fún nǹkan, pàápàá bóòtì ọ́ìlì tó ń wọ inú aluminíọ̀mù. Kó fi ìwọ̀n ṣe é fún ìgbà díẹ̀, kó máa kíyè sí bó ṣe ń rí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ á dà bíi tiyín.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Mushin:
Mo gbà. Ṣùgbọ́n orí ẹ́ńjìnì, bóòtì tó ń di síbẹ̀, kó má fi ìwọ̀n báàgì ṣe ìyẹn. Ìyẹn ní tirẹ̀: á fún un dé ibì kan, lẹ́yìn náà á máa ka igun. Kó yá torque wrench fún ìyẹn tàbí kó gbé e wá.

Tíṣà_Físíìsì:
Ẹnu wa kò lórí ìyẹn.

Ìbàdàn_ní_Houston:
Ẹ kú ọjọ́ o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ń dùn. Fún àwọn tó wà lọ́hùn-ún bíi tèmi, ẹ má ra irinṣẹ́ tẹ́ ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. AutoZone ń yá èèyàn ní irinṣẹ́: ẹ ó san owó ìdúró, tẹ́ ẹ bá dá a padà bó ṣe wà, gbogbo owó yín padà. O'Reilly náà ń ṣe é. Irin tó ń yọ béríǹgì, èyí tó ń tẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì jáde, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti sípánà Pittsburgh ti Harbor Freight náà, tó bá kán, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún yín, títí ayé. Tẹ́ ẹ bá ń kó ẹrù sínú dúrọ́ọ̀mù sílé, ẹ rántí ẹ̀gbọ́n yín kan tó ń tún mọ́tò ṣe. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà ni kẹ́ ẹ rà fún un, kì í ṣe olójú méjìlá. Olójú mẹ́fà kì í tètè fá orí nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà.

Ìyá_Sienna:
Ará Houston, o ṣeun. Ní àdúgbò tiwa, àwa tá a ní mọ́tò dá àjọ kékeré kan sílẹ̀ fún irinṣẹ́. A fi ra torque wrench kan, kílámpù ńlá kan, àti irin béríǹgì. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ń gbé, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá mú un lọ. Ẹni tó bá kán an ló máa rà á. Kò sí ìjà kankan àfi ti ẹni tó dá a padà pẹ̀lú gírísì.

Tọ́nà_Ògbómọ̀ṣọ́:
Léèdì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin, lèmi ń ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ ti búúṣì (rọ́bà onírin inú àámù) àti béríǹgì, torí mo rí bí wọ́n ṣe ń fi òòlù pa wọ́n. Ẹ̀rọ títẹ̀ ò pọn dandan fún búúṣì. Ra ọ̀pá onísúkúrú gígùn pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì, èyí tí wọ́n kọ 8.8 (àmì irin líle) sí lára, kì í ṣe irin rọ̀ọ̀rọ̀. Wásà tó nípọn. Páìpù kúkúrú tó tóbi ju búúṣì lọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí búúṣì lè jáde sínú rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kéré ju ìta búúṣì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òun ni yóò máa tì í. Fi gírísì sí eyín ọ̀pá, kó o máa yí nọ́ọ̀tì. Á máa wọlé jẹ́jẹ́. Búúṣì tuntun, fi í sínú fíríísà lóru ọjọ́ tó ṣáájú, á sún kì díẹ̀. Ibi tó máa wọ̀, fi omi gbígbóná yá a. Wàá rí i pé ìjà náà dín kù.

Tó bá dídì jù, má pa á pẹ̀lú òòlù. Gbé e lọ bá tọ́nà tó ní ẹ̀rọ títẹ̀, owó tó máa gbà kéré sí owó àámù tó o máa fọ́.

Àti sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì: ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ nìyí. Ẹ má fi okùn, wáyà, ṣéènì, tàbí bóòtì lásán di sípíríǹgì tó ń kì mọ́ra. Ó ń gbé ìdámẹ́rin mọ́tò. Bó bá já, kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Mushin:
Mo fọwọ́ sí ìyẹn. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù ni kó o lọ sí Ládípò, kó o ra ṣọ́ọ̀kì Belgium pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀ lórí, gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ṣe tú u lára mọ́tò. Kó o kàn tú nọ́ọ̀tì òkè àti ti ìsàlẹ̀, kó o fi tuntun síbẹ̀. Nọ́ọ̀tì àárín orí ṣọ́ọ̀kì ni kó o má fọwọ́ kàn, òun ló ń di sípíríǹgì mú. Tẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á; kó padà sókè jẹ́jẹ́, kí ọ́ìlì má sì sí lára rẹ̀.

Ọmọ_Agodi:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Kílámpù, ìwọ̀n báàgì, síríǹjì, rọ́bà, mo ti kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Igi apá, bùrọ̀dá mi káfíńtà á gé e fún mi. Ó ku méjì: fílítà ọ́ìlì tó ti lẹ̀, àti táì-rọ́ọ̀dù. Ṣé kí n ra irin ẹlẹ́nu méjì yẹn ni, èyí tí wọ́n ń fi òòlù kì bọ̀ ọ́?

Bàbá_Primera:
Fílítà: wá bẹ́líìtì fáànì àtijọ́, gé e, yí i mọ́ fílítà lẹ́ẹ̀mejì ní apá tí wàá fi tú u, kó o fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì di igi tàbí páìpù kékeré kan, kó o fi páìpù yẹn yí i. Tó bá ń yọ̀, nu ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀, fi yanrìn bébà sí abẹ́ bẹ́líìtì. Àwọn kan ń gún un ní súkúdíráfà. Ẹ̀yìn gbogbo ọ̀nà ni ìyẹn wà, torí ó lè ya kù sára ẹ́ńjìnì. Tuntun, fi ọ́ìlì pa rọ́bà ẹnu rẹ̀, fi ọwọ́ lásán yí i. Tó bá ti kan ojú irin, fi bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyí kún un. Má fi bẹ́líìtì fún un.

Ọ̀gá_Mẹ́kà_Mushin:
Má ra irin ẹlẹ́nu méjì yẹn àyàfi tó bá jẹ́ pé o fẹ́ ju táì-rọ́ọ̀dù náà nù, torí rọ́bà rẹ̀ á ya. Òòlù méjì ló máa ń ṣe é. Tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ wá sókè, má yọ ọ́ tán, kó ṣì di eyín díẹ̀ mú, kí táì-rọ́ọ̀dù má bàa bẹ́ lù ọ́. Gbé òòlù ńlá kan ti ẹ̀gbẹ́ ojú irin tí ọ̀pá rẹ̀ gbà kọjá, kó o wá fi òòlù kejì gbá ẹ̀gbẹ́ kejì gan-an. Ojú irin ni o ń gbá, kì í ṣe orí ọ̀pá. Gbá a ní agbára, kì í ṣe pẹ́pẹ́pẹ́. Ojú irin yẹn á tẹ̀ díẹ̀, á sì padà, á tú ọ̀pá náà sílẹ̀, wàá gbọ́ ohùn rẹ̀ tó yí padà.

Kí o tó yọ táì-rọ́ọ̀dù kúrò lára ọ̀pá gígùn, fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí nọ́ọ̀tì ìdè rẹ̀ dúró, kó o sì ka iye ìgbà tó yí kó tó jáde. Iye yẹn ni kó o fi tuntun wọlé. Táyà á wà ní bíi ibi tó wà kó o tó gbé e lọ fún aláíńmẹ́ǹtì. Má tún kọ́tà-pín àlòkù lò, ìyẹn pín-ìn tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú.

Ọmọ_Agodi:
Kọ́tà-pín tuntun, ó ti wà lórí bébà.